Ìtọ́jú Ewé àti Egbò Kí Agbára Wọn Má Ṣe Sọnù

Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ewé pé, egbò pé, ìtọ́jú wọn ni kò tọ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá alágbo ní Òsí, ní Ìlọ́fà àti ní gbogbo agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà lára ewéko qinghao. Ooru púpọ̀ ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá kà á nínú ìwé Ge Hong, tí ó ti lé ní 1,600 ọdún, pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a sì fún un mu. Ní 1971 ó dín ooru kù, oògùn náà sì jẹ́. Ní 2015 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ kíyè sí mẹ́ta nínú ohun tí ẹ ń lò:

Aáyù: Ìgbà tí a bá gún un ni èròjà allicin tí ń pa kòkòrò àrùn ń jáde. Iná kì í jẹ́ kí ó jáde. Ẹ gún un, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gbé e ka iná.

Ẹfinrin: Nínú òróró olóòórùn rẹ̀ ni agbára wà. Ẹ sá a sí ibòji, kì í ṣe sínú oòrùn. Bí ẹ bá ń sè é, ẹ dé ìkòkò.

Atalẹ̀: Bí ó bá gbẹ, èròjà gingerol inú rẹ̀ a di shogaol, èyí tí ó ta jù ú lọ. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ìwọ̀n tútù wọn gbígbẹ. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì sá a sórí àkéte mímọ́ tí ó ga nílẹ̀. Èyí tí ó bá bu, ẹ dà á nù. Ó lè ní oró tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í mú un kúrò.

Ní ìparí, àgbo tí a sè dáadáa kò gba ipò dókítà. Ọmọ tí ibà bá mú, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sì sọ àgbo tí ó ti mu fún wọn níbẹ̀.