Sáàfù Nínú Padel: Bí Ó Ṣe Ń La Ọ̀nà Dé Ẹ̀bá Àwọ̀n

Sáàfù ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan nínú padel, eré onírákẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn mẹ́rin ń gbá, méjì sí méjì, nínú pápá tí gíláàsì àti wáyà yí ká. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ti tẹníìsì. Ní tẹníìsì, ẹni tápá rẹ̀ le lè fi sáàfù kan ṣoṣo jẹ àmì kí alátakò tó nawọ́ sí i. Ní padel, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a, ògiri sì wà lẹ́yìn alátakò tó ń dá bọ́ọ̀lù padà fún un. Nítorí náà, sáàfù tó dára ni èyí tó fún ẹni tó gbá a láyè láti dé ẹ̀bá àwọ̀n, níbi tí ẹnìkejì rẹ̀ ti dúró sí tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó bá gba ẹ̀bá àwọ̀n ló sábà máa ń jẹ àmì.

Láti ìgbà tí Enrique Corcuera ti dá eré náà sílẹ̀ nílé rẹ̀ ní Acapulco, ní Mẹ́síkò, lọ́dún 1969, ni ògiri ti jẹ́ ara rẹ̀. Pápá òde òní gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Mítà 6.95 ló wà láàárín àwọ̀n àti ìlà sáàfù, mítà 3.05 ló sì kù láti ìlà náà dé gíláàsì ẹ̀yìn.

Ẹni tó fẹ́ gbá sáàfù yóò dúró lẹ́yìn ìlà, yóò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀, yóò sì gbá a nígbà tí kò tíì ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tẹ ìlà. Bí ó bá dúró lápá ọ̀tún, àyè sáàfù tó wà lápá òsì rẹ̀ ní òdìkejì àwọ̀n ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bí ó bá dúró lápá òsì, ti ọ̀tún ni. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá kan ilẹ̀ níbẹ̀, ó lè kan gíláàsì, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan wáyà kí ó tó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, sáàfù ti bàjẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ti ìdí tẹníìsì wá, ni kí wọ́n máa fi gbogbo agbára gbá a. Bọ́ọ̀lù líle a kan ilẹ̀, a kan gíláàsì ẹ̀yìn, a sì ta padà sí àárín pápá ní ìwọ̀n gíga tó tẹ́ alátakò lọ́rùn. Ìyà kejì tún wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù tó yára lọ a máa yára bọ̀, ẹni tó gbá a kò sì ní tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà. Èyí tó lọ ní pẹ̀lẹ́, tó sì bọ́ sítòsí ìlà sáàfù alátakò, ló sàn jù. Agbára rẹ̀ ti ń tán kó tó dé gíláàsì, alátakò yóò sì ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gbé e.

Gígé abẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń mú un rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ a di rákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni fẹ́ fi òòlù kan ìṣó. Ara a kọ ẹ̀gbẹ́ sí àwọ̀n, orúnkún a tẹ̀ díẹ̀. Rákẹ́ẹ̀tì a bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n èjìká, ojú rẹ̀ a ṣí sókè díẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ gé abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù, a sì máa lọ síwájú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ọrùn ọwọ́ kì í fì. Ọ̀pọ̀ tó rò pé apá àwọn ni kò dáa, bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: bí ó bá ta ga jù, yóò kọjá ìbàdí, bí ó bá sún mọ́ ara jù, apá kò ní ráyè nà. Ńṣe ni kí ọwọ́ tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, níwájú díẹ̀, sí ojú kan náà nígbà gbogbo.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dá alátakò lágara mọ ibi tí gíláàsì náà mọ. Láti ògiri ẹ̀yìn, mítà 4 péré ló gbà. Wáyà ló gba ìyókù títí dé àwọ̀n. Nínú gbogbo gígùn àyè sáàfù, apá tí gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tó mítà kan. Bọ́ọ̀lù tó bá kúrú yóò lọ kan wáyà. Èyí tó jìn, tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, ni yóò kan gíláàsì, tí yóò sì rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀.

Ọwọ́ tí ènìyàn ń lò tún wà níbẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá gé bọ́ọ̀lù, apá òsì rẹ̀ ló ń yà sí. Láti apá ọ̀tún pápá, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni ìyẹn. Láti apá òsì, ìlà àárín tó pín àyè sáàfù sí méjì ni. Ti ọlọ́wọ́ òsì, bíi Arturo Coello ará Sípéènì tó ń bá Agustín Tapia ará Ajẹntínà gbá, yí padà pátápátá, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń da alátakò rú.

Kò yẹ kí gbogbo sáàfù forí lé gíláàsì. Alátakò tó ti sún sí ẹ̀gbẹ́ dè é yẹ fún bọ́ọ̀lù ìlà àárín, èyí tí kì í jẹ́ kó rí igun gbá padà sí. Èyí tó bá lọ bá a lára tààrà náà a máa há a mọ́.

Kété tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lára rákẹ́ẹ̀tì ni ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tó dúró wo sáàfù ara rẹ̀ kò ní débẹ̀ mọ́. Bí alátakò bá ti fẹ́ gbá a, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ ní ìbú, kí ara lè yà síbi tó bá yẹ.

Àǹfààní sáàfù kejì wà, ṣùgbọ́n ó dára kí èkíní wọlé, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá fi ń gbá méjèèjì ní ìwọ̀n agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fún ìdánrawò, agolo méjì tó: ọ̀kan ní igun gíláàsì, ọ̀kan ní ìlà àárín. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń dé ìtòsí wọn léraléra, kí ẹnìkan dúró lódìkejì láti máa gbá a padà, kí ẹni tó ń gbá sáàfù sì máa sáré dé ẹ̀bá àwọ̀n lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè jọ kọ́ iṣẹ́ náà.