Gbígbẹ, Gbígbẹ́ àti Dídán: Ọ̀rọ̀-Iṣẹ́ fún Akọ́ṣẹ́ tí Ó Ń Tún Igi Ìbọn Ṣe ní Ìfira-Àkókó

1. Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Èyí kò yani lẹ́nu. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí a ti ń lo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lójoojúmọ́ láìsí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ àti abẹ́ àtíbàbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń jókòó sí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ iṣẹ́ kan ṣoṣo wò, kí a sì wo irú ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ń kọ́ ọ nílò kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣìnà.

Iṣẹ́ náà ni àtúnṣe igi ìbọn ṣakabùlà. A kò ní sọ̀rọ̀ nípa irin rẹ̀, nítorí ti alágbẹ̀dẹ ni èyí. Akọ́ṣẹ́ tí a ní lọ́kàn ni ọ̀dọ́ ọdẹ tí ìbọn bàbá rẹ̀ di tirẹ̀, tí igi rẹ̀ ti ṣá, tí ó sì ti gùn jù fún apá rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un gbẹ́, kí ó sì tún un kùn.

A mú Ìfira-Àkókó ní àpẹẹrẹ nítorí ìdí pàtàkì kan. Ìlú yìí wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí olú rẹ̀ wà ní Ìsùà. Ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ilẹ̀ olókè, ó sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ èdè. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, èdè tí ó bá Ẹ̀dó tan ni ti Ìsùà, Àrìgìdì àti àwọn alájọgbé rẹ̀ ní ìhà àríwá sì ní èdè tiwọn. Nítorí náà, ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́ lè wá láti ìlú méjì tí kò jìnnà síra wọn, kí èdè abínibí wọn má sì jọra rárá. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọn yóò fi bá ara wọn ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá àjùmọ̀lò bá wá ń dúró fún nǹkan méjì, ta ni yóò là wọ́n níjà?

2. Kí a tó fọwọ́ kàn án

Ohun méjì ni ó ṣáájú gbogbo iṣẹ́. Èkíní ni òfin. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ àwọn ìbọn tí òfin dè; ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí akọ́ṣẹ́ ti kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó tọ́. Èkejì ni ẹ̀tù. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà, nítorí náà ojú lásán kò lè rí ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ onígi bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, kí a sàmì sí i lára, kí a yọ ọ́, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí ọ̀pá náà kò bá dé ibi ihò ìtanná, nǹkan wà nínú ìbọn. Kí a dá a padà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

3. Orúkọ ẹ̀yà ara igi ìbọn

Yorùbá ti fi ẹ̀yà ara ènìyàn sọ ìbọn lórúkọ tipẹ́. A ní ẹnu ìbọn, a ní ìdí ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo igi náà ní ìdí, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ó ń kan èjìká nìkan ni ìdí ní tòótọ́. Mo dábàá kí a máa pe gbogbo rẹ̀ ní igi ìbọn, kí a sì fi ìdí sílẹ̀ fún ibi tí ó tọ́ sí.

Láàrin ìdí àti ibi tí ọ̀pá irin jókòó sí, igi náà máa ń tín-ín-rín kí ọwọ́ lè dì í mú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ọrùn-ọwọ́ pe ibẹ̀. Bí a bá pe ibẹ̀ ní ọrùn igi ìbọn, a kò yá ohunkóhun, nítorí pé èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó pe ibi tí ọwọ́ ti tín-ín-rín ní ọrùn ọwọ́, tí ó sì pe ti ẹsẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀. Ibi gbọọrọ tí a gbẹ́ kí ọ̀pá irin lè sùn sí, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ bá a mu: poro, bí poro tí ó wà láàrin ebè. Ibi tí ọdẹ ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ni ìfẹ̀rẹ̀kẹ́tì, tí a ṣẹ̀dá láti ara ì + fi + ẹ̀rẹ̀kẹ́ + tì.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó ṣòro díẹ̀: àwọn okùn wínníwínní tí ó gba inú igi kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A lè pe okùn wọ̀nyí ní iṣan igi, bí a ti ń sọ pé iṣan ara. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pe ìhà tí wọ́n kọjú sí ní ìṣàn igi. N kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ohùn nìkan ni yóò ya iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń kọ̀wé. Ipa iṣan tó. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ipa iṣan bá dábùú ọrùn igi ìbọn, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Kí ipa iṣan gba ọrùn kọjá ní gígùn ni ó yẹ.

4. Igi tí kò gbẹ, a kì í gbẹ́ ẹ

Ohùn nìkan ni ó wà láàrin gbẹ àti gbẹ́, àwọn méjèèjì sì pàdé nínú iṣẹ́ yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ń gbẹ́ ère lè fẹ́ igi tútù, nítorí ó rọ̀ fún irin. Ti igi ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin tí kì í súnkì ni yóò jókòó sínú poro rẹ̀.

Bí igi ṣe ń súnkì nìyí. Omi inú igi tútù lè ju ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ lọ. Bí omi tí ó wà nínú ihò àwọn iṣan ti ń lọ, igi ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì súnkì. Ìgbà tí omi bá kù tó nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, tí omi tí ó wà lára ògiri iṣan gan-an wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ, ni igi ń súnkì. Kì í súnkì dọ́gba: ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá, ní yíyí ká, ó ń súnkì tó ìlọ́po méjì bí ó ti ń súnkì láti èèpo lọ sí àárín. Ìdí nìyí tí poro tí ó ṣe déédéé nígbà òjò fi lè yọ̀ tàbí kí ó lọ́ nígbà ọyẹ́.

Akọ́ṣẹ́ lè fi òṣùwọ̀n ọjà mọ̀ bóyá igi gbẹ. Kí ó máa wọn igi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn kò ti ń pa á. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́, igi ti bá afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ dọ́gba. Apá dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í wú, kì í sì í súnkì púpọ̀. Ìrókò náà dára, ṣùgbọ́n òkúta líle a máa wà nínú rẹ̀ tí ó ń ba ẹnu irin jẹ́, eruku rẹ̀ a sì máa bá imú àti awọ ara jà. Kí akọ́ṣẹ́ fi aṣọ bo imú.

5. Lílé àti alétúnlé

Nínú ìwé tí Àlùfáà Kevin Carroll kọ lórí iṣẹ́ ọnà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ní ọdún 1967, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe pẹ̀lú Bándélé ọmọ Àrẹògún àti Làmídì Fákẹ́yẹ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, a rí ìpele mẹ́rin tí àwọn ọ̀gá ń tẹ̀ lé: ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán àti fífín. Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá igi ìbọn mu. Kò sí ìdí tí a ó fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ọ̀nà lílé, a ń fi àáké kékeré gé ohun tí ó pọ̀ jù kúrò, ṣùgbọ́n a kì í dé orí ìlà tí a fà. Ní alétúnlé, a ń lo ọ̀bẹ àti fáìlì onígi láti ya ìdí kúrò lára ọrùn, kí ìfẹ̀rẹ̀kẹ́tì sì yọ. Aṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ìpele kejì ṣe ìpele kẹta: wọ́n á máa ha ibì kan títí yóò fi dán nígbà tí ibi kejì ṣì rí gbágungbàgun. Igi tí a ti gé kúrò kì í padà. Nípa ti poro, kí a fi dúdú ìdí ìkòkò pa ọ̀pá irin, kí a gbé e sínú poro, kí a sì yọ ọ́. Ibi tí ó bá dúdú nínú igi ni ibi tí ó ga jù. Ibẹ̀ nìkan ni kí a ha, díẹ̀díẹ̀.

6. Dídán ọwọ́ àti dídán ojú

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ tí ó ń da iṣẹ́ yìí rú jù lọ. Bí Yorùbá bá ní nǹkan dán, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ń yọ̀ lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ń kọ mọ̀nà lójú. Kò sí ìṣòro nínú èyí lórí àwo tàbí lórí idẹ, nítorí àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀ níbẹ̀. Lórí igi, wọn kì í rìn pọ̀. Akọ́ṣẹ́ tí a sọ fún pé kí ó jẹ́ kí igi dán lè sáré kun fáníìṣì sí orí igi tí ó ṣì rí ṣákiṣàki. Fáníìṣì náà yóò tàn, gbogbo ojú àpá fáìlì ni yóò sì hàn sí i lábẹ́ rẹ̀.

Mo dábàá kí a ya dídán ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára dídán ojú. Dídán ọwọ́ ni ìpele kẹta àwọn ọ̀gá. Ewé ìpín ni wọ́n ti ń lò fún un láti ayébáyé, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ficus exasperata, tí ara rẹ̀ rí hárahàra. Lónìí, a ń fi bébà ìhagi kún un: nọ́ńbà 80 kọ́kọ́, lẹ́yìn náà 120, 180 àti 240. Bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni bébà ń kúnná sí i. Ipa iṣan ni kí a máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí, kí a fi aṣọ ọ̀rinrin pa igi náà. Irun igi yóò dìde. Nígbà tí ó bá gbẹ, kí a tún un ha. Bí a bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, irun náà kì yóò dìde mọ́. Kí a gbé igi náà dábùú sí ìmọ́lẹ̀: àpá tí ó bá kù yóò ní òjìji. Ìgbà tí kò bá sí òjìji mọ́ ni dídán ojú tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí igi pọ́n lè lo osùn. Kí ó mọ̀ pé omi kì í yọ àwọ̀ osùn dáadáa. Ọtí líle ni ó ń yọ ọ́.

7. Òróró tí ó ń gbẹ

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nìyí. A máa ń sọ pé aṣọ gbẹ, a sì ń sọ pé òróró tí a fi pa igi gbẹ. Lára aṣọ, omi ni ó lọ. Lára òróró línsíìdì, kò sí ohun tí ó lọ: òróró náà ni ó ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, tí àwọn ẹyọ rẹ̀ so mọ́ra wọn tí ó fi le. Kì í ṣe gbogbo òróró ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń fi iye áyódínì tí òróró lè gbà mọ̀ ọ́n: 100 gíráàmù línsíìdì a máa gba nǹkan bí 170 sí 200 gíráàmù, ti epo pupa kò ju nǹkan bí 50 lọ, ti àdín sì jẹ́ nǹkan bí 18. Ìdí nìyí tí igi tí a fi epo pupa tàbí àdín pa yóò fi máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ewu rẹ̀ ni pé nígbà tí línsíìdì bá ń gba ọ́síjìn, ó ń mú ooru jáde. Bí a bá ká àkísà tí a fi pa á jọ sí igun ilé, ooru náà kì yóò rí ibi gbà jáde, àkísà náà sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Akọ́ṣẹ́ tí ó gbà pé òróró ń gbẹ bí omi ti ń gbẹ kò lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ tútù kì í gbiná. Ọ̀rọ̀ náà ni ó tàn án jẹ.

Ǹjẹ́ a lè sọ pé òróró náà dì? Epo pupa ń dì nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n iná a máa yọ́ ọ padà. Línsíìdì tí ó ti le kì í yọ́ mọ́. Nítorí náà, mo dábàá òróró agbafẹ́fẹ́le, láti ara a + gba + afẹ́fẹ́ + le, bí a ti ṣẹ̀dá agbowó àti agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ìṣe òróró náà, ó sì ń kìlọ̀. Kí a fi í pa igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí a nu èyí tí igi kò mu kúrò, kí a jẹ́ kí ó le kí a tó tún un pa. Àkísà ńkọ́? Kí a tẹ́ ẹ síta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo.

8. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

igi ìbọn: gbogbo apá ìbọn tí ó jẹ́ igi.
ìdí ìbọn: ibi tí ó ń kan èjìká.
ọrùn igi ìbọn: ibi tín-ín-rín tí ọwọ́ ń dì mú.
ìfẹ̀rẹ̀kẹ́tì: ibi tí a ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé.
poro: ibi gbọọrọ tí ọ̀pá irin sùn sí.
iṣan igi: okùn wínníwínní inú igi.
ipa iṣan: ìhà tí iṣan igi kọjú sí.
dídán ọwọ́: kí ara igi jọ̀lọ̀.
dídán ojú: kí ara igi máa tàn.
òróró agbafẹ́fẹ́le: òróró tí ó ń gba afẹ́fẹ́ le, tí iná kì í yọ́ padà.

9. Ìkádìí

A ti rí i pé ọ̀nà mẹ́rin ni a gbà rí àwọn ọ̀rọ̀ yìí: a gba ti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà bí ó ti wà, a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ti ẹ̀yà ara lójú, a so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, a sì ṣẹ̀dá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò díẹ̀ ni a lò níbi tí kò ti sí ọ̀nà mìíràn. Lójú tèmi, kì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ kan dára. Bí ọ̀gá kan ní Ìfira bá lè fi í sọ ohun tí ó fẹ́ fún akọ́ṣẹ́ tí ó wá láti Ìsùà, tí akọ́ṣẹ́ náà sì ṣe é bí ó ti yẹ láìjẹ́ pé a tún un sọ, ọ̀rọ̀ náà ti yege. Èyí tí kò bá yege nínú àwọn tí mo kọ sókè yìí, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi èyí tí ó sàn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.