Ẹni Tó Ni Òṣùwọ̀n Ló Ń Ka Ewé Wa

Kò sí àgbà Ìjẹ̀ṣà tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi orín àtà hàn. Àwọn ìyá elégbòogi ń tà á lọ́jà Atákúnmọ́sà, àwọn bàbá sì ń rún un láàárọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn. Ní 1971, Abayomi Sofowora, onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí gbòǹgbò igi náà. Nínú ìgò àyẹ̀wò, omi tí wọ́n fà jáde lára rẹ̀ mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Jọ́nà Lloydia ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́, àwọn olùwádìí nílẹ̀ òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i.

Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ.

Ní 1955 ni Eugene Garfield, ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá pé kí á máa kó ìtọ́kasí jọ: iṣẹ́ ta ni ta dárúkọ, nínú àpilẹ̀kọ wo. Nígbà tó di 1964, iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ti gbé Science Citation Index jáde. Ohun tí Garfield ń wá ni bí olùwádìí yóò ṣe tètè rí ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe. Àwọn ìjọba ló wá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Láàárín àwọn ọdún 1970, Amẹ́ríkà ti ń fi í wọn orílẹ̀-èdè kan mọ́ èkejì.

Garfield kò lè ka gbogbo jọ́nà ayé tán. Ó ṣa àwọn tí onímọ̀ ń tọ́ka sí jù, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Jọ́nà tí kò bá sí nínú àkójọ, wọn kì í ka àpilẹ̀kọ inú rẹ̀, wọn kì í sì í ka iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ náà tọ́ka sí. Kí olùkọ́ Ifẹ̀ mẹ́wàá máa tọ́ka sí iṣẹ́ ara wọn nínú jọ́nà tí a tẹ̀ nílé, òdo ni òǹkà yóò máa sọ.

Tí wọ́n bá tún fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tó ni iṣẹ́, àdírẹ́sì òǹkọ̀wé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe igbó tí wọ́n ti já ewé. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá dá kọ̀wé lórí igi kan nítòsí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba máàkì.

Ṣáájú Garfield pàápàá ni ewé wa ti ń rìnrìn àjò. Ní 1927 ni apá kìn-ín-ní ìwé Flora of West Tropical Africa jáde, tí àwọn onímọ̀ ewéko, Hutchinson àti Dalziel, kọ ní ọgbà ewéko Kew nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewé gbígbẹ tí wọ́n kó láti Nàìjíríà sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ ọ́. Ní 1937, Dalziel tún kọ ìwé mìíràn lórí ìwúlò àwọn ewéko náà, ó sì fi orúkọ Yorùbá sí ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó pe orúkọ wọ̀nyẹn fún òyìnbó ńkọ́? Ta ló kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀?

Ní 1984, Z. O. Gbile ti iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn kó orúkọ Yorùbá àwọn ewéko jọ sínú ìwé kan, pẹ̀lú orúkọ Látìn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ igi tí ìyá elégbòogi ń sọ, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Lójú tèmi, díẹ̀ ni iṣẹ́ tó wúlò tó o tí a ti ṣe nílẹ̀ yìí lórí ewéko. Àmọ́ ìwé ni, kì í ṣe àpilẹ̀kọ jọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń to orílẹ̀-èdè tẹ̀lé ara wọn, a kì í gbé e sórí ìwọ̀n.

Àwọn tó ń fi òǹkà wọn ìwádìí pàápàá ti rí àléébù yìí. Ní 2015, onímọ̀ márùn-ún gbé ìkéde Leiden jáde nínú jọ́nà Nature, wọ́n ní kí á dáàbò bo ìwádìí tó wúlò fún ìlú tí wọ́n ti ṣe é. GBIF, àjọ tó ń kó àkọsílẹ̀ ohun abẹ̀mí jọ láti 2001, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Copenhagen, sì máa ń ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: àkọsílẹ̀ nípa Nàìjíríà, àti àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gbé síta. Òǹkà kejì yìí ló yẹ kó máa jẹ wá lógún.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ náà ò gba ìdúró mọ́. Àwọn awakùsà wúrà ń hú igbó, ẹrẹ̀ wọn sì ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Yunifásítì Iléṣà, tí ìjọba Ọ̀ṣun dá sílẹ̀ ní 2022, ṣì kéré tó láti yan ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbé olùkọ́ ga. Bí olùkọ́ bá já ewé, tó sá a, tó kọ ibi àti ọjọ́ tó já a, tó sì gbé e sórí GBIF pẹ̀lú orúkọ Látìn àti orúkọ tí Ìjẹ̀ṣà ń pè é, kí wọ́n kà á sí iṣẹ́ fún un. Kí orúkọ ìyá tàbí bàbá tó pe ewé náà fún un sì wà níbẹ̀, bí onítọ̀hún bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.