Ìwé 48 ni bàbá sanwó lé, ìwọ̀n oògùn kòkó ò hàn níbẹ̀

Ìdì bébà wà lórí itan bàbá àgbẹ̀ kan tí a bá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, ó sì fajú ro. Ọmọ rẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn ló fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí fífín oògùn sí kòkó ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì, kó lè mú un lọ sípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ojú ìwé 48 ni ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, bàbá sì sanwó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àfi bó ṣe wò ó tó rí i pé dúdú ló bò ó látòkè délẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa pò mọ́ omi sí gan-an ni kò ṣeé kà. Bàbá ń bi wá bóyá ojú òun ló ti ń ṣú.

Ojú bàbá kọ́ o. PowerPoint ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 1987 ló sì kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó máa dúró níwájú èrò sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ tó ṣú, tí wọ́n á fi lẹ́tà funfun kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó máa ń dára lára ògiri, ṣùgbọ́n tó bá dórí bébà, ńṣe ló ń mu yíǹkì bí ẹní mu ẹmu.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yan Handouts níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ ìwé títẹ̀. Tó bá kó mẹ́fà sójú ìwé kan, 48 yẹn á di 8 péré. Àmọ́ lẹ́tà á kéré fún àgbàlagbà. Ní tèmi, mẹ́ta ni mo fara mọ́: ìwé á jẹ́ 16, ìlà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ lè kọ nǹkan sí. Kó tún yan Pure Black and White, kí àwọ̀ ẹ̀yìn lè kúrò, kí lẹ́tà sì dúdú. Ojú tí àwòrán èso kòkó tó ń ṣàìsàn bá wà nìkan ni kẹ́ ẹ sanwó kálà fún. Kó tẹ ẹyọ kan wò ná.

Èyí tó dùn wá jù ni pé àlàyé ìwọ̀n oògùn náà wà nísàlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí olùkọ́ kọ ohun tó máa fẹnu sọ sí. Ẹ̀rọ kì í tẹ ibẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá yan Notes Pages.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n máa sọ ọ́ di PDF kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá ni, torí àmì ohùn lè daru lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ẹ má sì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjáde nínú ímeèlì yín.

Wọ́n tún un tẹ̀ fún bàbá, ìwé 16, pẹ̀lú ojú kan tí ìwọ̀n oògùn wà. Ó kó 48 àkọ́kọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn wọn ṣì funfun, àwọn ọmọọmọ òun á fi ṣe ìṣirò.