Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Àpótí Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa náà wo àtẹ́líyè wa dáadáa kí a tó kọ orúkọ sára àpótí.

Ní Lougba, ọyẹ́ ń kó eruku wọlé, òjò ń mú ọ̀rinrin wá, òróró ẹ́ńjìnnì sì ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bébà tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í pẹ́ ṣí. Tàdáwà a máa ṣá nínú oòrùn. Bí àkọlé bá sì parẹ́, ewu dé. Bọ́ọ̀tì méjì lè nípọn ní mílímítà 8 bákan náà, kí ìlà tó yí ọ̀kan ká fi mílímítà 1,25 jìnnà síra, kí ti èkejì fi 1 péré jìnnà. Ojú kì í tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá fi tipátipá dè é ba ihò rẹ̀ jẹ́, ó sì fi ẹ̀mí ẹni tí yóò gun alùpùpù náà wewu.

Kí ni ó ń tọ́jọ́? Ọ̀dà ni, bí a bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ òróró kúrò lára àpótí. Òmíràn ni irin pẹlẹbẹ tí a gé lára agolo, tí a fi ìṣó lu nọ́ńbà sí, tí a sì fi wáyà so kọ́. Ẹ rántí àrokò àwọn baba wa pẹ̀lú: bọ́ọ̀tì kan tí a so mọ́ iwájú àpótí ń bá ẹni tí kò kàwé sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ « boulon », nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ń béèrè rẹ̀ lọ́jà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ tí ọ̀gá yín ń pè é ní èdè wa.