Bí Bọ́jì Tó Sọnù Bá Bà Sílé Yín: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni tí Kò Sin Ẹyẹ Rí

Ilé ìwòsàn ẹranko ló ṣe ìwé yìí jáde. Ẹni tí a kọ ọ́ fún ni ẹni tí kò sin ẹyẹ kankan rí, àfi bóyá adìẹ, tí ẹyẹ kékeré kan tó láwọ̀ mèremère wá ṣàdédé bà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí kò sì sá nígbà tó súnmọ́ ọn. Wọ́n ń ta irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lọ́jà ẹran ọ̀sìn àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ìlú ńláńlá wa. Ilẹ̀kùn àgò tí a kò tì dáadáa, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya, ọmọdé tó kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án: ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ń gbé e wá fún wa kì í ṣe ọ̀dájú. Wọ́n ti fún un ní búrẹ́dì tí a rẹ sínú mílíìkì, wọ́n ti fi ìka ta omi sí i lẹ́nu, gbogbo ará ilé sì ti wá wò ó tán. Nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí èyí tó ṣe ẹyẹ náà láǹfààní.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ yín

Bọ́jì ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní párákíìtì. Ẹbí odídẹrẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an. Láti orí dé ṣóńṣó ìrù, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 30 sí 45. Ẹyin adìẹ kan wúwo jù ú lọ. Àgógó rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi ti odídẹrẹ́, ìrù rẹ̀ gùn, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn orí, ọrùn àti ìyẹ́ apá rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: ìka méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Ti ẹ̀gà àti ìbákà kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni tiwọn síwájú, ẹyọ kan sẹ́yìn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí, torí pé àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ti igbó tiwa, tí ẹni tí kò fara balẹ̀ lè pè ní bọ́jì. Ọ̀kan láwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ kúrú. Òmíràn ní orí aláwọ̀ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ láwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ sì láwọ̀ ìyeyè. Odídẹrẹ́ onírù pupa náà ńkọ́? Láti ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ka òwò àwọn tí a mú nínú igbó léèwọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lẹ rí, ẹ má sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Ẹ pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó, tàbí kí ẹ gbé e wá bá wa. Bọ́jì kò sí nínú àwọn ẹyẹ tí àdéhùn yẹn kàn.

Ẹ má tú u sílẹ̀

Àwọn aládùúgbò á sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kó máa lọ, pé Ọlọ́run ló ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ igbó ti kọ́ bí a ti ń wá oúnjẹ láti kékeré; eléyìí, ọwọ́ ènìyàn ló ti ń jẹun látọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ilẹ̀ gbígbẹ àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni ìran rẹ̀ ti wá, níbi tí wọ́n ti ń rìn ní agbo ńlá. Lọ́dún 1840 ni John Gould, ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ ẹyẹ, kó díẹ̀ láàyè dé Ìlú Ọba, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń sìn ín káàkiri ayé. Àwọn tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún, àwọ̀ ewé àti ìyeyè ni wọ́n. Aláwọ̀ sánmà àti funfun tí ẹ ń rí lọ́jà, ọwọ́ àwọn ọlọ́sìn ni wọ́n ti pọ̀. Níhìn-ín, kò ní agbo, kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, àwòdì sì ń rí àwọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó bá tú u sílẹ̀ ti pa á.

Bí a ti ń mú un

Bí ó bá ṣì wà níta, ẹ gbé àgò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ síbi tó ti lè rí i, ẹ da jéró sínú rẹ̀, kí ẹ sì fà sẹ́yìn. Ebi ló máa bá yín ṣe ìyókù. Ohùn bọ́jì mìíràn láti inú fóònù náà máa ń fà á súnmọ́ ìtòsí.

Bí ó bá ti wọlé, ẹ pa fáànù. Èyí ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ ti fèrèsé, ẹ bo dígí, ẹ fa kọ́tìnì, kí ẹ wá pa iná. Ẹyẹ yìí kì í fẹ́ fò nínú òkùnkùn. Ẹ fi táwẹ̀lì fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ rọra gbé e, kí ẹ fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ má fún àyà rẹ̀. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ gbé egungun àyà rẹ̀ síwá sẹ́yìn kó tó lè mí, nítorí náà ẹni tó bá di àyà rẹ̀ mú pinpin ti dí i ní èémí, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ihò imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó lè gé yín jẹ. Ẹ fara dà á.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Bí kò bá sí àgò, páálí tí a lu ihò sí lára tó fún alẹ́ kan. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fọ́n jéró sórí ìwé náà, torí pé ẹyẹ tí ẹ̀rù ń bà lè má mọ̀ pé àwo àjèjì ní oúnjẹ nínú. Ìdérí ìgò ni kí ẹ fi bu omi fún un, kí omi náà má jìn. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa gbà lọ. Mílíìkì kò yẹ ẹyẹ, inú rẹ̀ kò lè lọ̀ ọ́.

Ooru ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ ní alẹ́ yìí, pàápàá nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́. Ẹyẹ tó rẹ̀, tó wú ìyẹ́ rẹ̀, ń fẹ́ ibi tó gbóná tó díígíríì 27 sí 30. Gílóòbù lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú páálí, kí ẹyẹ lè sún kúrò níbẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ gbé e sí yàrá tí kò sí ariwo, kí àwọn ọmọ má sì tò wá wò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó tún ṣú, tí kò sì jẹ nǹkan kan, ẹ gbé e wá.

Bí ológbò bá ti fẹnu tàbí èékánná kàn án, ẹ má dúró dọ̀la, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ojú ọgbẹ́. Kòkòrò ẹnu ológbò máa ń pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ó ní ẹni tó ni ín

Ẹnì kan ń wá a. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá òrùka wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àti ọdún ìbí rẹ̀ lè wà lára rẹ̀. Ẹ sọ fún géètìmáànì, ẹ fi síta lórí WhatsApp àdúgbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ta ẹyẹ nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ gbogbo àmì rẹ̀ síta. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́, bíi nọ́ńbà òrùka tàbí èékánná tó gé, kí ẹni tó bá wá gbà á lè sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. A rọ̀ yín kí ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó máa fún un lórúkọ.

Oúnjẹ

Jéró ni ìpìlẹ̀, ṣíbí ìmu-tíì kan àbọ̀ sí méjì lóòjọ́ fún ẹyẹ kan. Ohun kan wà tó ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ: bọ́jì máa ń bó kóró kó tó gbé e mì, á sì da èèpo rẹ̀ padà sínú àwo. Ẹ wo àwo lókèèrè, ó kún; ẹ fẹ́ ẹ, òfo ni. Ebi ti pa ọ̀pọ̀ bọ́jì kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó dà bíi pé ó kún. Nítorí náà, ẹ máa fẹ́ èèpo kúrò láràárọ̀.

Kóró nìkan kò tó. Ẹyẹ tó ń jẹ kóró nìkan kì í rí fítámì A àti áyódììnì tó, ọ̀fun àti imú rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́. Ẹ máa fún un ní kárọ́ọ̀tì tí a rin, ewé mọ̀ríńgà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀, àgbàdo tútù lórí ṣùkù rẹ̀. Ó lè kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má jáwọ́. Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ gún un, ó di oúnjẹ egungun. Kò nílò yanrìn bíi ti adìẹ.

Píà ń pa á. Ṣokoléètì, kọfí, tíì, ọtí, àlùbọ́sà àti oúnjẹ oníyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu. Obì náà wà níbẹ̀, nítorí èròjà tó ń lé oorun lọ lójú ènìyàn, tó wà nínú kọfí, wà nínú obì pẹ̀lú. Bàbá tó fẹ́ràn láti máa bu obì fún àlejò, ẹ jọ̀ọ́, kí ó yọ àlejò yìí sílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ilé yín

Bí a bá ní kí ẹ ka ojú ìwé kan ṣoṣo, eléyìí ni. Ọ̀nà tí ẹyẹ fi ń mí yàtọ̀ sí tiwa: àwọn àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ara rẹ̀ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá láìdáwọ́dúró, kí ó lè rí agbára fò. Májèlé tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà ń gba ibẹ̀ wọlé kíákíá. Èéfín tó kàn ń mú yín húkọ́ lè pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ gbé ilé ìdáná. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí a bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná tó gbóná jù, máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí imú wa kò gbọ́ jáde, ó sì ti pa ẹyẹ nínú yàrá kejì rí. Èéfín sítóòfù oníkẹrosíìnì àti ti jẹnẹrétọ̀ náà ń pa á, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé gan-an ló sì burú jù. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, òògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, òtapiápiá, lọ́fínńdà, tùràrí: ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní yàrá tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ dènà ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì ló bá tiyín àti tiẹ̀ mu.

Àgò

Kí ó fẹ̀ ju kí ó ga lọ, nítorí bọ́jì kì í fò sókè tààrà. Sẹ̀ǹtímítà 50 ní fífẹ̀ ló kéré jù. Àlàfo irin kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lọ, kí orí má baà há síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi wáyà tí a fi síǹkì bò ṣe é fún yín. Ẹyẹ á máa gé e jẹ, síǹkì á sì di májèlé nínú rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka gúáfà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ pé nínípọn rẹ̀ kò dọ́gba, kí ẹsẹ̀ má baà dápàá. Ẹ gbé àgò kúrò níbi tí eku àti ìjàlọ lè dé. Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ da aṣọ bò ó. Ó nílò oorun wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá.

Àìsàn

Bọ́jì máa ń fi àìsàn pamọ́. Nínú agbo, èyí tó bá ń ṣàárẹ̀ ni àwòdì kọ́kọ́ ń gbé, nítorí náà ó máa ń dúró ṣinṣin títí agbára rẹ̀ á fi tán. Nígbà tó bá jókòó sísàlẹ̀ àgò, àìsàn náà ti pẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ló tètè ń tú àṣírí: ẹ máa gbé e sórí ìwọ̀n ilé ìdáná láràárọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó wọn gíráàmù 40 bá di 36, ẹ tètè wá. Ẹ wá pẹ̀lú bí ìrù rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò pẹ̀lú gbogbo èémí, bí ìyẹ́ orí rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ nítorí èébì, bí kóró tí kò dà bá ń jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó dà bí èépá, tó ní ihò wẹ́wẹ́, lára àgógó, kòkòrò ara ló fà á. Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ẹ má tú kápúsù tẹtirasáíkílìn sínú omi rẹ̀ bí àwọn ọlọ́sìn adìẹ kan ti ń ṣe. Kò ní wò ó sàn, kò sì ní jẹ́ kí àyẹ̀wò wa fi òótọ́ hàn.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ adìẹ àti ẹyẹ mìíràn fún 30 ọjọ́. Ara yín náà ńkọ́? Àìsàn kan wà tí ẹbí odídẹrẹ́ lè kó ran ènìyàn nípasẹ̀ eruku ìgbẹ́ wọn: ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ gbígbẹ ni, ó sì sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 5 sí 14. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa gbogbo ibà ni a ń pè ní ibà ẹ̀fọn tàbí tàífọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹyẹ wà nílé. Ẹ wọ́n omi sí ìsàlẹ̀ àgò kí ẹ tó gbá a, ẹ fọ ọwọ́, ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu.

Bí ẹni tó ni ín kò bá wá

Ó di tiyín nìyẹn, ó sì lè lo ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lọ́dọ̀ yín. Awọ tó yí ihò imú rẹ̀ ká máa ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo: lára àgbà, búlúù sábà máa ń jẹ́ akọ, búráùn tàbí funfun ràkọ̀ràkọ̀ sì jẹ́ abo. Abo lè yé ẹyin láìsí akọ, ẹ má bẹ̀rù. Akọ ló sábà máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ; Puck, bọ́jì kan ní California, ló wọ ìwé Guinness pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 1,728. Ẹ má retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tiyín. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ di jéró mú lọ́wọ́, kí ó jẹ́ òun ló máa wá.

Ẹ mú un wá fún àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ gbé e wá láàárọ̀, nínú àgò rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ má sì fọ ìsàlẹ̀ àgò náà kí ẹ tó jáde nílé: ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀ la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.