Ẹ̀yin oníṣòwò, Markdown dára fún ìwé iye ọjà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àmì "#"

Ẹni tó bá ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Asese, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mọ ìyọnu tó wà nínú kí iye ọjà máa yí padà. Sìmẹ́ǹtì lè gbówó lórí láàárọ̀, kí ọ̀pá irin tẹ̀ lé e lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń kọ́lé láti Ibafo títí dé Mowe kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó béèrè iye mọ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye ọjà yín ránṣẹ́." Ìwé iye ọjà ọ̀hún sì rèé, inú kọ̀ǹpútà ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́ ló wà. Bí iye ọjà kan ṣoṣo bá yí padà, ẹ ó tún lọ bá a, ẹ ó tún sanwó.

Ọ̀nà kan wà tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Markdown ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ sì ni. John Gruber, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2004, Aaron Swartz sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ohun tí wọ́n rò kò le rárá: kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà, kó kàn fi àmì díẹ̀ sí i. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí (a kàn fi iye ọjà inú rẹ̀ ṣàpèjúwe ni o):

# Iye ọjà tòní
- Sìmẹ́ǹtì, àpò kan: 10,000 náírà
- Ìṣó, kílò kan: 2,500 náírà

Àmì # tó wà níwájú ìlà kìíní ló ń sọ pé àkọlé nìyẹn. Dáàṣì ń sọ pé ẹ ń to ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ méjì-méjì tó yí iye owó ká yóò mú kó dúdú, kó sì nípọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ìràwọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká lórí WhatsApp láti ọdún 2016 ti mọ ìbátan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ti WhatsApp. Nínú Markdown, ìràwọ̀ kan máa ń mú kí ọ̀rọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ ni.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní parser ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń wí, yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Pandoc, tí John MacFarlane bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, tilẹ̀ lè sọ àkọsílẹ̀ kan náà di ìwé Word tí ẹ lè tẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bí iye sìmẹ́ǹtì bá yí padà, ìlà kan péré lẹ ó tún ṣe.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nílẹ̀ wa níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní àmì náírà lójú, # la fi ń kọ owó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìlà kan pẹ̀lú #5,000, parser lè rò pé àkọlé lẹ ń kọ. Yóò gbé # mì, yóò sì kọ 5,000 gàdàgbà-gadagba. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. CommonMark, ìyẹn òfin tí MacFarlane, Jeff Atwood àtàwọn mìíràn gbé jáde lọ́dún 2014, ní àfi kí àlàfo wà lẹ́yìn # kó tó lè di àkọlé. Ṣùgbọ́n ti Gruber fúnra rẹ̀ kò béèrè àlàfo, bẹ́ẹ̀ náà ni Python-Markdown. Torí náà, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ léèrè èyí tó ń lò.

Ẹ̀yin oní-pákó, tiyín tún yàtọ̀. Bí ẹ bá kọ 2*3*12, ìràwọ̀ méjèèjì yóò pòórá, ohun tí oníbàárà yóò rí ni 2312. Pákó wo wá nìyẹn? Ẹ fi x kọ ọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ẹ bá kàn ń tẹ Enter láìfi dáàṣì síwájú ìlà, gbogbo ọjà yín ni yóò so pọ̀ di ìpínrọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ # yìí ṣeé tún ṣe, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn Python-Markdown nìyẹn. Ó dà bí ilé tó ṣeé fi yàrá kún láìwó ògiri. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tábìlì: kò sí i nínú iṣẹ́ Gruber. Michel Fortin ló fi kún tirẹ̀, PHP Markdown Extra, Python-Markdown náà sì ní àfikún tó ń ṣe é fún ẹni tó bá fẹ́. Bákan náà, ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà Python láti kọ ìlà díẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ yín wò: níbikíbi tí # bá ti wà níwájú nọ́ńbà, kó sọ ọ́ di ₦ kí parser tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Iṣẹ́ yìí kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì odidi lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ọwọ́ yín ni àkọsílẹ̀ náà gan-an yóò máa wà. Ẹni tí gbogbo iye ọjà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò ní ohun tó lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ fi ọjà mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ẹ pè é ní iye.md, kí ẹ sì yan UTF-8 nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́, kí ẹ, ọ, ṣ àti ₦ má baà di àmì ìbéèrè lórí fóònù oníbàárà.